Má tíì ju ìwé ìdílé yẹn sílẹ̀

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé o tún ti padà sídìí ìwé kíkà. O ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan o ka ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́ta tán, o ka ìdajì ìwé Faransé kan tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n o ju ìwé ìdílé Vietnam, ìwé ìtàn àròsọ nípa ìdílé kan láti ìran dé ìran, tí mo ní kí o kà sílẹ̀ kí o tó dé ojú ìwé àádọ́ta. O ní, "Ẹ má bínú, Màmá, orúkọ wọn pọ̀ jù, àmì orí orúkọ náà ń dà mí láàmú, kò tiẹ̀ sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀." Mi ò bínú rárá. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí rẹ, ọ̀pọ̀ ìwé rere ló sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí rẹ̀. Mo wá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá ka irú ohun tí ìwọ náà ń kà, kí n lè mọ ibi tí màá ti bá ọ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìwé yẹpẹrẹ ni wọ́n. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Orí kọ̀ọ̀kan kò ju ojú ìwé mẹ́rin, márùn-ún lọ, òǹkọ̀wé á sì gé ọ̀rọ̀ níbi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí, tí a kò tíì rí ẹni tó ń wọlé. Ta ni yóò pa iná sùn níbẹ̀? Agogo méjì òru lù, mo ṣì jókòó. Òǹkọ̀wé mọ ohun kan, ó fi pa mọ́ fún ọ, ó sì jẹ́ kí o mọ̀ pé òun fi nǹkan pa mọ́. Okùn tó ń fà ọ́ lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí o bá ka ọ̀kan tán, padà sí orí kìíní fún mi. Nínú èyí tí mo kà lọ́jọ́ Ajé, apànìyàn ti wà níwájú mi láti ojú ìwé kejìlá. Òun ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ olóògbé, tó ní òun á máa bá a bomi rin òdòdó títí yóò fi ti ìrìn àjò dé. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo sì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni tí òjò ń lé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, mi ò rántí orúkọ olóògbé mọ́. Ìwé náà kọ́ ni mo dá lẹ́bi. Eré ni mo bá a sá, eré ló sì dára fún. Ohun tó ń dùn mí nípa tìrẹ ni pé o gbé eré yẹn wọ inú ìwé tí kì í ṣe ti eré.

Ọjọ́rú ni mo tún ṣí The Mountains Sing, ìwé tí Nguyễn Phan Quế Mai gbé jáde ní 2020, èyí tí o jù sílẹ̀ gan-an. Ọmọ Vietnam ni obìnrin náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ìwé yìí fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kò gbà kí àmì kan ṣoṣo ṣí kúrò lórí orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìwọ wá ń sọ pé àmì ń dà ọ́ láàmú? Àjọkẹ́, ìwọ tí o mọ̀ pé ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà! Ohùn mẹ́fà ni àwọn ará àríwá Vietnam ń lò. Gba ọ̀rọ̀ kékeré kan yẹ̀ wò: ma ni iwin, mả ni ibojì, mạ ni irúgbìn ìrẹsì tí wọn kò tíì lọ́, má sì ni àwọn ará gúúsù ń pe ìyá. Kí o tó fo orúkọ kan nítorí àmì orí rẹ̀, rántí bí ó ti máa ń rí lára rẹ nígbà tí ẹnìkan bá ba orúkọ tìrẹ jẹ́ lẹ́nu.

Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn, orúkọ ẹni gan-an ló ń kẹ́yìn. Nínú Trần Diệu Lan, ìyá àgbà inú ìwé náà, Trần ni orúkọ ìdílé. Obìnrin kì í sì í pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì nítorí ó ti lọ ilé ọkọ, nítorí náà má ṣe rò pé ìyá àti ọmọ kò bára tan nígbà tí o bá rí orúkọ ìdílé méjì. Bí o bá ti mọ èyí, ìdajì ohun tó ń dà ọ́ rú ti lọ.

Wàyí o, o ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀. Hanoi ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1972, bọ́ǹbù Amẹ́ríkà ń já lu ìlú, ìyá àgbà sì ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún Hương, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó sọ nípa ìyàn 1945. Ó sọ nípa ìgbà tí ìjọba àríwá ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, láàárín 1953 sí 1956, tí wọ́n pa arákùnrin rẹ̀, tí òun sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá kúrò ní ẹkùn Nghệ An tí wọ́n ń gbé, ó di Hanoi, ọ̀nà tó tó bíi 300 kìlómítà. Kò lè bọ́ gbogbo wọn lójú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ àwọn àjèjì. Mo pa ìwé náà dé níbẹ̀, mo jókòó sínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ mi, ta ni màá kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú ẹ̀yin mẹ́ta? Kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan tó tíì bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Àṣírí wà nínú ìwé ìdílé bí ó ti wà nínú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbogbo ará ilé ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́. Ohun tí ojú wọn rí ló fà á. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì ní Geneva ní 1954, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sá láti àríwá lọ sí gúúsù, ogun kò sì tán títí Saigon, olú-ìlú gúúsù, fi bọ́ lọ́wọ́ ìjọba gúúsù ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin, 1975. Ọmọ ìyá kan náà gbé ìbọn ní ìhà méjèèjì. Báwo ni wọn yóò ṣe jókòó ti abọ́ kan náà lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè ohun tí oníkálùkù ṣe?

Ibi tí mo fẹ́ kí o máa wò ni bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Nínú ilé wọn, wọn kì í sábà lo "èmi" àti "ìwọ" lásán. Bí o bá ń bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀, con ni wàá pe ara rẹ, ìyẹn ọmọ. Lọ́dọ̀ ìyá àgbà, wàá di cháu. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, wàá di em. Bàbá ni bố ní àríwá, ba ló ń jẹ́ ní gúúsù, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan péré lè tú àṣírí ibi tí ẹnìkan ti dàgbà. Ní àkókò tí wọ́n ń gba ilẹ̀ yẹn, wọ́n á mú onílẹ̀ dúró níwájú gbogbo abúlé, wọ́n á ní kó máa pe àwọn tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ ní ông àti bà, bí ẹni ń pe bàbá àgbà àti ìyá àgbà, kí ó sì máa pe ara rẹ̀ ní con. Àgbàlagbà, tó ti ní ọmọ-ọmọ! Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ara rẹ̀ rárá ni ọ̀rọ̀ ẹnu ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀. Nǹkan ń ṣẹlẹ̀, Àjọkẹ́. Kò kàn pariwo ni.

Ìwé Faransé tí o ka ìdajì rẹ̀ kò yàtọ̀. Àwọn Faransé ní vous, wọ́n ní tu, bí a ti ní "ẹ" àti "o". Nígbà tí obìnrin kan bá ti ń pe ọkùnrin ní vous fún ọgọ́rùn-ún ojú ìwé, tó wá ṣèèṣì sọ tu níwájú ọkọ rẹ̀, gbogbo ilé ti gbọ́ ohun tó wà láàárín wọn. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú rẹ̀, "you" ni méjèèjì. Atúmọ̀ ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá, bóyá kó jẹ́ kí obìnrin náà dá orúkọ ọkùnrin náà pè láìfi Ọ̀gbẹ́ni ṣáájú. Ìwọ ní etí tó lè gbọ́ ohun tó sọnù níbẹ̀ ju ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ lọ. Máa lo etí yẹn. Kí o sì máa wo orúkọ atúmọ̀ kí o tó ra ìwé. Ẹ̀bùn International Booker, tí wọ́n ń fún ìwé tí a túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, mọ iyì wọn: láti 2016, ìdajì nínú 50,000 pọ́n-ùn ni ti òǹkọ̀wé, ìdajì ni ti atúmọ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mi ò sọ pé kí o pa ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tì. Kà á ní òru kan, kí o gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ìwé ìdílé náà ní ogún ojú ìwé péré lálẹ́, kí o fi pẹ́ńsù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ.

Mo ká bébà kan mọ́ inú lẹ́tà yìí. Igi ìdílé Diệu Lan ni mo yà síbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ òun títí dé ọ̀dọ̀ Hương, pẹ̀lú gbogbo àmì orí orúkọ wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Minh, àkọ́bí, mo fi àyè sílẹ̀, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Bí o bá ka ìwé náà débẹ̀, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, kí o fi ránṣẹ́ padà sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ