Ẹ dá pale ale yín padà sínú ìgò búráùn

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìpọntí,
Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ PALE ALE TÍ Ẹ Ń TÀ NÍNÚ ÌGÒ FUNFUN

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Yorùbá ni ẹ kọ sára ìgò yín, òun náà ni mo fi ń kọ̀wé sí yín. Mo mọ ohun tó ń ná ilé ìpọntí kékeré láti ṣiṣẹ́ ní ìlú tí iná ọba kì í dúró, tí owó dísẹ́ẹ̀lì kò sì yéé lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ pè yín lórí fóònù, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí ní ìtùbí ìnùbí. Èsì tí mo gbà níbẹ̀ ló sọ ọ́ di lẹ́tà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ra pale ale yín, bíà aláwọ̀ wúrà tí ìkorò àti òórùn rẹ̀ ta yọ, kún inú kúlà kan ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò wa, fún ìpàdé àwa ọ̀rẹ́ tí bíà kó jọ. A ṣí ìgò àkọ́kọ́. Òórùn èèpo ọsàn tí a fi mọ bíà yìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Òórùn igbó ló gba imú wa, igbó tí àwọn ọmọ gáréèjì máa ń fà gan-an. A ṣí ìkejì, òórùn kan náà. Ẹ̀kẹta kò rùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe gbé e mì, páálí tútù ló kù sí wa lórí ahọ́n. Obìnrin kan láàárín wa gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Owó tí a san lórí ìgò kan tó ra ìgò méjì bíà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kó sì tún ṣẹ́kù. A kò kùn nígbà tí à ń san án, torí a mọ ohun tí à ń rà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ìpè mi sọ pé bí craft beer, ìyẹn bíà ilé ìpọntí kékeré, ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ní lager ló ti mọ́ àwa ará Ìbàdàn lẹ́nu, pé tí a bá ń mu ún díẹ̀díẹ̀, á mọ́ wa lára. Kò béèrè nọ́ńbà tó wà lára ìgò, kò béèrè ibi tí mo ti rà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó mi lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹnu tó ń fẹjọ́ sùn yín.

Bíà ni a fi ń jiyàn ní gbogbo Sátidé. Ẹnì kan wà láàárín wa tí kò ní gbà kí ẹ sọ̀rọ̀ Trophy láìdáa. Ọmọ Iléṣà ni, níbi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, bí ẹ bá sì gbé oríṣiríṣi lager síwájú rẹ̀ láìsí àmì lára ife, á mú tirẹ̀ jáde. Èmi kò fẹ́ràn lager tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ahọ́n rẹ̀ kò mọ nǹkan. Òmíràn, stout nìkan ló ń mu, Guinness tí wọ́n ti ń pọn ní Ìkẹjà láti 1962. Ó lè fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣàlàyé fún yín ìdí tí ti Nàìjíríà fi le, tó sì wúwo lẹ́nu, ju èyí tí wọ́n ń fà látinú àgbá ní Dublin lọ. Ní tèmi, pale ale ni. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Houston ló kọ́kọ́ gbé Sierra Nevada wá fún mi nínú ẹrù rẹ̀, bíà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ní ìlú Chico ní California ní 1980. Họ́ọ̀pù ni òdòdó tí wọ́n fi ń mú bíà korò, èyí tí wọ́n ń pè ní Cascade ló sì fún un ní òórùn ọsàn. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìkorò bíà lè dùn. Inú ìgò búráùn náà ló sì wà.

A ti rí ìjákulẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn náà. Bíà àlìkámà ará Bavaria máa ń ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kànáfùrù. Ẹnikẹ́ni kò fi èso sí i, ìwúkàrà rẹ̀ ló ń mú òórùn náà wá. Èyí tí a rà ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan kò rùn bí ohunkóhun. A kò bú ará Bavaria. Ọjọ́ ìpọntí tó wà lára rẹ̀ fi hàn pé ó ti pẹ́ nínú ooru kó tó dé ọwọ́ wa. A mọ ìyàtọ̀ láàárín bíà tí a kò fẹ́ràn àti bíà tó ti bàjẹ́, ohun tí mo sì pè yín fún ni bíà tó ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin gan-an wà lára àwọn tí a fi ń yangàn. Mo ti gbé stout ọkà bàbà yín síwájú àlejò láti òkè òkun tí kò gbà pé Nàìjíríà ni wọ́n ti pọn ọ́n. Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí 1988, nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì fi túláàsì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Kò sẹ́ni tó fi túláàsì mú ẹ̀yin. Ẹ fúnra yín ló yan ọkà bàbà, ọkà tí sítáàṣì rẹ̀ ń fẹ́ ooru ju ti báálì lọ kó tó rọ̀, tí agbára rẹ̀ láti sọ sítáàṣì náà di ṣúgà kò sì tó ti báálì. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, àwọn tó ń rẹ ọkà, tí wọ́n ń jẹ́ kó hù, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sè é kí wọ́n tó rí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ dà sí igbá. Kí ọtí bẹ́ẹ̀ wá jáde pẹ̀lú ìfófòó tó dúró lórí ife, tó ní òórùn kọfí díẹ̀ àti kòkó díẹ̀, ó tó ohun tí ènìyàn ń pe ọ̀rẹ́ wá tọ́ wò. Nítorí pé ẹ mọ iṣẹ́ ni mo ṣe ń bínú.

Ohun tó yí padà lára pale ale ni ìgò. Ìgò búráùn ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ gbé ìgò funfun jáde, èyí tí ojú ń rí inú rẹ̀ kedere, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram pẹ̀lú oòrùn ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bíà náà ń tàn bíi wúrà. Ó rẹwà, n kò jiyàn. Oòrùn inú fọ́tò yẹn gan-an ló ń ba bíà náà jẹ́.

Ìkorò họ́ọ̀pù kì í bá ìmọ́lẹ̀ rẹ́. Fítámì kan wà nínú bíà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, ìyẹn ló ń mú kí èròjà ìkorò náà fọ́. Èyí tó já bọ́ lára rẹ̀ á so mọ́ imí ọjọ́ tó wà nínú bíà, á sì di ohun tí imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀ bó ti wù kó kéré tó. Àwọn apọntí ti mọ òórùn náà tipẹ́. Ní 2001 ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ghent, ní Belgium, ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ìgò búráùn ń dènà ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń fa wàhálà yìí. Ìgò aláwọ̀ ewé kò fi bẹ́ẹ̀ dènà rẹ̀. Ìgò funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ má dènà nǹkan kan. Agolo ló ń dènà gbogbo rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé inú ìgò funfun ni Miller High Life wà ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n họ́ọ̀pù tí wọ́n ti fi ọgbọ́n kẹ́mísírì yí padà, kí ìmọ́lẹ̀ má baà lè fọ́ ọ, ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹ̀yin kọ ọ́ sára ìgò yín pé òdòdó họ́ọ̀pù gidi, tí a kò fi ohunkóhun yí padà, ni ẹ ń lò, mo sì gbà yín gbọ́. Irú họ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ àti irú ìgò yìí kò lè jọ gbé.

A kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí ìwé kíkà. Tíṣà kẹ́mísírì kan wà láàárín wa, òun ló ní ká dán an wò. Ó lọ ra ìgò méjì nínú páálí tí olùtajà kò tíì tú, nọ́ńbà kan náà ló wà lára méjèèjì. Ó fi nylon dúdú wé ọ̀kan, ó gbé èkejì sórí fẹ́ǹsì lọ́sàn-án gangan, a sì jókòó ti àmàlà. Nígbà tí a jẹun tán, ó kó méjèèjì sínú yìnyín títí wọ́n fi tutù bákan náà, ó bu wọ́n sínú ife láì jẹ́ kí a mọ èwo ni èwo. Gbogbo wa pátá ló tọ́ka sí ti orí fẹ́ǹsì. Ará Iléṣà wa, tí ẹ rò pé lager ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́, ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Nígbà tí ẹlòmíràn nínú wa sì dé Èkó, ó mu pale ale kan náà látinú àgbá níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń tà á, ó ní kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe apọntí yín ni mò ń bá wí.

Olùtajà ọ̀dọ̀ wa náà kò jẹ̀bi. Ó to ìgò yín sórí pẹpẹ iwájú ṣọ́ọ̀bù torí pé wọ́n rẹwà, bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára páálí tó ní kó má gbé e sóòrùn. Fíríìjì rẹ̀ kì í tutù àfi tí iná bá wà. Èyí sì kan ọ̀rọ̀ páálí tútù tí mo sọ lókè: afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù sínú ìgò ń ba bíà jẹ́, ooru ló sì ń mú un yára. Pale ale kì í ṣe ọtí àfipamọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, òórùn họ́ọ̀pù rẹ̀ á ti máa lọ, pàápàá níbi tí kò bá tutù. Síbẹ̀, ọjọ́ tí kò ní ṣeé mu mọ́ nìkan ni mo rí kà lára ìgò yín, odidi ọdún kan síwájú. Ọjọ́ tí ẹ pọn ọ́n, orí ìdérí ni ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, ó sì ti pa rẹ́.

Ẹ dá owó àwọn ìgò tó bàjẹ́ padà fún mi. Ẹ̀dà rìsíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ dá pale ale padà sínú ìgò búráùn, tàbí kí ẹ rọ ọ́ sínú agolo bí agbára yín bá ká a. Kí ìgò funfun tó wà nílẹ̀ tó tán, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé kí wọ́n má gbé e sójú oòrùn, kí ẹ sì rán ènìyàn yíká àwọn ṣọ́ọ̀bù láti ṣàlàyé. Ẹ tẹ ọjọ́ ìpọntí síbi tí ojú lè rí i. Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin orí fóònù, n kò fẹ́ kí ẹ lé e níṣẹ́. Ẹ gbé ìgò kan tó ti rí oòrùn fún un kó gbọ́ òórùn rẹ̀, kó lè mọ̀ ọ́n nígbà tí oníbàárà mìíràn bá tún pè. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 fún mi ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí kò lábùkù, bí n kò bá sì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu yín kí oṣù yìí tó parí, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Olùtajà sọ pé aṣojú yín ti ń sọ ọ́ kiri pé stout ọkà bàbà náà máa tó wọ ìgò funfun. Dúdú tó dúdú yẹn á dín ìmọ́lẹ̀ kù díẹ̀, kò lè dènà rẹ̀ tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ti pinnu, ẹ jẹ́ ká tètè mọ̀, ká lè ra èyí tó kù nínú ìgò búráùn.

Àwọn ìgò tí a kò ṣí wà nílé mi nínú páálí tí mo dé pa, nọ́ńbà wọn ṣì wà lára wọn. Ẹ rán apọntí yín fúnra rẹ̀ wá wò wọ́n. Sátidé ni a máa ń pàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Bódìjà.