Ọ̀rọ̀ Tí Kì í Dá Rìn

Sábó,
Ilé-Ifẹ̀.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, torí ẹkún ò jẹ́ kí n mọ ohun tí ò ń wí nígbà àkọ́kọ́. Mo sì rí fọ́tò ìwé tí ọ̀gá yín fi báírò pupa fa ìlà sí. Nu ojú rẹ, jọ̀ọ́. Pé ó kà á sí gbogbo ọ́fíìsì létí, ìyẹn ò dáa, mo bínú sí i. Ṣùgbọ́n ibi tó fa ìlà sí, òótọ́ ló wí.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ìlà mẹ́ta ló sì gbà: "We discussed about the matter and requested for more time to cope up with it." Èmi tí mo ti ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà ní ṣọ́ọ̀bù yìí láti ìgbà tí taipuráítà ṣì wà lórí tábìlì, mo mọ ibi tí àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ ti wá. Yorùbá inú wa ló ń darí ọwọ́ wa. A máa ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀, ọwọ́ bá kọ "about". A máa ń bèèrè fún àyè, ọwọ́ bá kọ "for". Bẹ́ẹ̀ "discuss" ti gbé "about" mì, kò fẹ́ òmíràn mọ́. "Request" náà, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kò fẹ́ "for". Ìgbà tó bá di ọ̀rọ̀-orúkọ, bíi "a request for more time", ni "for" tó rí ìjókòó. Ní ti "up" tó wọ àárín "cope with", àlejò tí a ò pè ni.

Gẹ̀ẹ́sì á tún yíjú, á ní òun fẹ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "to" àti "of", níbi tí àwa ò ti fi sí. Torí a ń sọ pé "dá mi lóhùn", gbogbo ìlú ń kọ "reply me". "Reply to me" ni. A ń da ìdọ̀tí nù, wọ́n kọ "dispose the waste". "Dispose of" ni.

Jẹ́ kí n sọ tèmi, tí ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ rí. Ìgbà tí o wà ní JSS ni bàbá kan wá, ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ibi iṣẹ́ òun. Wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù, ó sì fẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Mo ní mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì: "look" ni wíwò, "over" ni orí. Mo bá tẹ̀ ẹ́ wàrà: "Kindly overlook my salary arrears." Mo gbowó mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà bàbá padà dé, kò jókòó. Ó ní, "Ìyá Àjíkẹ́, wọ́n ní kí n kí yín o. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ pé mo fi owó náà jì àwọn."

"Look over" ni kí èèyàn yẹ nǹkan wò. "Overlook" ni kó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìjókòó ló yàtọ̀. Mo tún lẹ́tà náà tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo fi "look into" sí i, mo sì ra mínírà tútù fún bàbá.

Ìwọ wo "look" yìí nìkan. Ọmọ tó sọnù, "look for". Ìyá àgbà tó wà nílé, "look after". Ẹni tí ò ń wò bí àwòkọ́ṣe, "look up to". Ẹni tí ò ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, "look down on". "Look out" sì ni wọ́n ń pariwo nígbà tí ọ̀kadà bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? "Pa" tiwa ńkọ́? À ń pa ẹran, à ń pa iná, à ń pa irọ́, à ń pa ààlọ́, ẹni tí iṣẹ́ bá yọ fún a ní ó pa owó. O ò kọ́ "pa" lóun nìkan rí. Pẹ̀lú ohun tó tẹ̀ lé e lo ṣe gbọ́ ọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. A máa ń la àwọn ọ̀rọ̀ kan sí méjì. "Bàjẹ́": ó ba aṣọ mi jẹ́. "Tànjẹ": ó tàn mí jẹ. Ṣùgbọ́n "gbàgbé" ò ṣe é là, "ó gbàgbé mi" ni. Gẹ̀ẹ́sì náà rí bẹ́ẹ̀. "Switch off the light", "switch the light off", méjèèjì ló dáa. Tó bá di "it", àárín ló gbọ́dọ̀ wà, "switch it off". "Look after" ní tirẹ̀ dà bíi "gbàgbé", nǹkan kan ò gbọdọ̀ là á láàárín: "look after her". Ta ló kọ́ ọ pé "gbàgbé" ò ṣe é là? Ẹ̀yìn mi lo wà tí o ti gbọ́ ọ.

(Tí mo bá pariwo láti yàrá pé "Àjíkẹ́, off that gen", dìde lọ pa á o. Ti ilé nìyẹn. Kó ṣáà má wọ ìwé ọ́fíìsì.)

Samuel Johnson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, nígbà tó gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1755, ó kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọ̀rọ̀ kékeré ń tẹ̀ lé báyìí ló ń dààmú àjèjì jù. Bàbá rẹ ní bóyá Yorùbá tí a fi tọ́ ọ ló fa àṣìṣe rẹ. Mo ní kó rántí Mọdákẹ́kẹ́ níbí. Ní 1970, ní ilé ìwé St. Stephen's "A", Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ló bá dákẹ́.

Ra ìwé kékeré kan. Tí o bá pàdé ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ìwé ìròyìn, má kọ òun nìkan sílẹ̀, kọ gbólóhùn náà tán: "She insisted on paying." "They congratulated him on his promotion." Kà á sókè, torí etí ló ń kọ́ nǹkan yìí. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀, tó to "get up, get in, get over" sílẹ̀ bí orúkọ ọmọ kíláàsì, má náwó sí i. Má sì fi "I look forward to hear from you" parí lẹ́tà mọ́. "Hearing" ni. "To" ibẹ̀ kì í ṣe ti "to eat".

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, kí ọ̀gá yín, kí o gbé èyí fún un: "We discussed the matter and requested more time to cope with it." Má bẹ̀bẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Mo ti fi gàrí àti ẹ̀lùbọ́ ránṣẹ́, dẹ́rẹ́bà á pè ọ́. Bàbá ọjọ́sí yẹn ṣì ń wá tẹ lẹ́tà lọ́dọ̀ mi. Ó kàn jẹ́ pé ó máa ń kà á tán kó tó sanwó.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.