Ológoṣẹ́ Karùn-ún

Bódìjà, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Bísí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọyẹ́ tiwa ò tíì dé, òjò ló ń ṣe bí àlejò tó ti dágbére lẹ́ẹ̀mẹta tí kò lọ.

Láti alẹ́ ọjọ́ tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni gbólóhùn rẹ kan ti há mi lọ́fun. O ní, "Mi ò já mọ́ nǹkan kan mọ́ níbí." O sọ ọ́ tán, o rẹ́rìn-ín, o wá bi mí pé èló ni kóńgò gàrì báyìí. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, Bísí. Ẹ̀rín tí o rín lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò wa jáde tí a wá orúkọ rẹ tì lára ògiri nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Tí mo bá ní kí n sọ èyí lórí WhatsApp, màá sunkún, ìwọ náà á sunkún, dátà á sì tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Mi ò sí ní ilé ìwé yẹn mọ́ láti ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn ọdún 17 tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, wọ́n fún mi ní lẹ́tà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìwé pélébé bíi rìsíìtì. Owó oṣù méjì ṣì wà lọ́rùn wọn títí dòní. Gbogbo ìgbà tí o ń bi mí pé báwo ni iṣẹ́ tí mò ń sọ pé "a dúpẹ́", ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n mi nínú ọjà Bódìjà ni mo wà. Gàrì àti ẹ̀lùbọ́ ni à ń tà.

Ojú tì mí, má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọmọ kan tí mo kọ́ rí dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń ná ẹ̀lùbọ́. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn àpò gàrì, mò ń ṣe bí ẹni ń ṣa nǹkan nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí, mi ò dá wọn lóhùn. Orúnkún ń ro mí, lẹ́búlẹ́bú gàrì ti wọ̀ mí nímú, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí n má sín. Mi ò dìde títí obìnrin náà fi lọ.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni a ka ìtàn Gídíónì nínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì wa. Ìwọ àti èmi ti mọ ìtàn yẹn láti Sunday School: ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin, ìkòkò, iná, fèrè. Mi ò kíyè sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ rí. Inú ibi ìfúntí ni Gídíónì wà tó ń pa ọkà, kí àwọn ará Mídíánì má bàa rí i. Ibi gbangba tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló yẹ kéèyàn ti pa ọkà, kí ìyàngbò lè fò lọ. Ta ló ń pa ọkà nínú kòtò? Ẹni tó ń fara pa mọ́ ni, bíi tèmi lẹ́yìn àpò. Inú kòtò yẹn ni áńgẹ́lì bá a tó fi kí i pé, "Olúwa wà pẹ̀lú rẹ, ìwọ ọkùnrin alágbára."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, gbogbo wọn yíjú wò mí. Áńgẹ́lì ò ní kó kọ́kọ́ jáde wá kí òun tó pè é bẹ́ẹ̀! Gídíónì náà jiyàn dáadáa, ó ní ìdílé òun ló tálákà jù ní Mánásè, òun ló sì kéré jù nílé bàbá òun. Olúwa ò já a nírọ́ o. Kò sọ pé rárá, ẹ lówó, ìwọ ni àkọ́bí. Ó kàn ní òun yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ ni.

O mọ̀ pé mo máa ń ṣe àmín sí "orí ni mí, mi ò ní í di ìrù" bíi gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù yẹn, ìwàásù bẹ́ẹ̀ ló ń dá mi lóró jù. Bí wọ́n bá ti pariwo ẹ̀, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, tó bá jẹ́ orí ni mí, kí ni mò ń wá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àpò? Ti Gídíónì yìí yé mi ju ìyẹn lọ.

Ohun tó wá gbé mi dìde gan-an, inú ọjà ló ti bá mi. Láàárọ̀ Sátidé kan, kí oníbàárà tó dé, mo ṣí Mátíù orí 10, níbi tí Jésù ti ní ológoṣẹ́ méjì ni wọ́n ń tà ní owó idẹ kan. Mo rántí pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú Lúùkù orí 12 pẹ̀lú, mo ṣí i. Ti ibẹ̀ yàtọ̀: ológoṣẹ́ márùn-ún, owó idẹ méjì. Tíṣà ìṣirò ni mí o, mi ò lè fojú fo irú ẹ̀. Bí owó kan bá ra méjì, mẹ́rin ni owó méjì ń rà. Mo sọ ọ́ síta láìmọ̀: "Níbo ni ìkarùn-ún ti wá?"

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bu gàrì ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Èènì ni."

Mo pa Bíbélì dé, Bísí. Èènì ni! Ẹni tó ń ta ológoṣẹ́ ló fi kan lé e kí oníbàárà lè tún padà wá. Kò sí ẹni tó sanwó fún un, kò sí nínú ìṣirò rárá. Bó bá já bọ́ lọ́nà, kò sí ẹni tí yóò padà wá wá a. Lúùkù wá kọ ọ́ pé a kò gbàgbé ọ̀kan nínú wọn níwájú Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú márààrún, títí kan ti èènì.

Ohun tí mo ti ń rò nípa ara mi fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko nìyẹn, pé èènì ni mí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dá a ṣe kí n tó dé, wọ́n lè máa dá a ṣe lọ. Mo jókòó láàárọ̀ yẹn, mo fi etí aṣọ mi nu ojú, mo dìde, mo gba kóńgò lọ́wọ́ wọn. Àdúrà kankan ò tẹ̀lé e. Mo kàn ń wọn gàrì ni.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ "iye" kì í ré mi kọjá mọ́ tí mo bá ń ka Bíbélì. "Ẹ̀yin ní iye lórí ju ọ̀pọ̀ ológoṣẹ́ lọ." Ṣé o rántí ẹni tó ṣáájú àwọn tó tú Bíbélì sí èdè wa? Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Ọmọ bí ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n kó wọn lẹ́rú ní 1821. Wọ́n kọ́kọ́ fi í pààrọ̀ ẹṣin, kò pẹ́ tí wọ́n fi tú òwò náà ká, ó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, tábà àti ọtí líle ni wọ́n fi rà á. Ọmọ náà mọ iye tí wọ́n ń dá lé òun. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, wọ́n kó wọn lọ sí Sierra Leone. Nínú ìwé tí a tú sí èdè wa, lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù wà lára èyí tó kọ́kọ́ jáde, ní 1850. Odidi Bíbélì dé ní 1884.

Orí kẹjọ Róòmù wà nínú ìwé 1850 yẹn: "Ta ni yóò yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Kristi?" Ẹni tí wọ́n yà kúrò lára ìyá rẹ̀ fún ọdún 25 ló ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò fi sọ "yà". Abẹ́òkúta ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kanra ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Ní 1848 ìyá ṣe ìrìbọmi, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Hánà, torí Sámúẹ́lì ni ọmọ. Tí mo bá ka orí kẹjọ yẹn nísinsìnyí, mo máa ń dúró díẹ̀ níbi "yà" yẹn.

Canterbury ni wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ṣé kì í ṣe Kent kan náà tí o wà yẹn ni? Ọjọ́ tí o bá ní ọ̀fì, wọkọ̀ láti Maidstone, lọ jókòó nínú kàtídírà yẹn fún mi. O ò ní láti gbàdúrà gígùn.

Nǹkan kan tún wà nínú ìtàn rẹ̀ tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé nígbà tí ẹ̀rù bà òun pé wọ́n fẹ́ ta òun fún àwọn òyìnbó, òun gbìyànjú láti pa ara òun. Mo ní ìdí tí mo fi sọ ọ́. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá yọjú sí ọ, bó jẹ́ aago mẹ́ta òru, pè mí. Kí o sì sọ fún dókítà yín níbẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àìnígbàgbọ́ ni. Lúùkù tó kọ ti ológoṣẹ́ márùn-ún yẹn, dókítà ni Pọ́ọ̀lù pè é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ. O ní ìwọ tí o jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní báǹkì l'Ékòó, ìdí àwọn arúgbó lò ń nù báyìí. Mi ò ní sọ fún ọ pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ṣí Jòhánù orí 13, má bẹ̀rẹ̀ láti ibi omi, bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kẹta. Jòhánù kọ́kọ́ sọ pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni òun ti wá, ibẹ̀ ni òun sì ń lọ. Lẹ́yìn èyí ló tó dìde, tó bọ́ agbádá sílẹ̀, tó fi aṣọ ìnura sán ìdí. Ó ti mọ ẹni tí òun í ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn. Èmi gbàgbé tèmi kí n tó dé ẹ̀yìn àpò ni.

Ti ọ̀gá yín tí kì í pe orúkọ rẹ, tó máa ń na ìka sí ọ, ìyẹn ò sí lára fífọ ẹsẹ̀ o! Sọ orúkọ rẹ fún un, tún un sọ. Ní Fílípì, wọ́n na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní gbangba, nígbà tó di ọjọ́ kejì wọ́n ní kí wọ́n máa lọ jẹ́ẹ́. Pọ́ọ̀lù ní kò ṣeé ṣe, ọmọ Róòmù ni àwọn, kí àwọn adájọ́ fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ràn Pọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí o sì parí ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó tí o dá dúró yẹn, torí mo mọ̀ pé o ti jókòó lé e.

Ìyá ọmọ tí mo sá fún yẹn tún wá lóṣù tó kọjá. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi, mo wọn ẹ̀lùbọ́ fún un, àyà mi ń lù kìkì. Bísí, kò dá mi mọ̀! Ó ná ọjà títí ó fi sú mi, ó sanwó, ó lọ. Gbogbo orúnkún tí mo fi jìyà lásán.

Obìnrin kan nínú ìjọ wa ń lọ sí London lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti bá a sọ̀rọ̀, yóò bá mi mú ẹ̀lùbọ́ rẹ dání. Ẹ̀gbọ́n mi kí ọ. Wọ́n ní kóńgò mẹ́ta ni o sanwó fún, ṣùgbọ́n kí o tún un wọ̀n tó bá dé ọwọ́ rẹ.

Èmi ni,
Fúnkẹ́