Ta ló ra ta? Èsì ará Arlington kan

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé títẹ̀. Ẹnìkan kọ lẹ́tà sí yín, ẹ sì gbé e jáde, pé àwa tí à ń tẹ̀lé Texas Rangers nínú béèsìbọ́ọ̀lù, owó là ń tẹ̀lé. Pé ìgbà tí wọ́n náwó lórí àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká la tó rántí pé a fẹ́ràn wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi, mo tún rẹ́rìn-ín. Arlington ni mò ń gbé, ẹ jẹ́ kí n fèsì.

Níbo ni ẹni náà wà lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2011? Géèmù kẹfà World Series ni, ìdíje àṣekágbá béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, àwa àti St. Louis, ní ìlú wọn. Strike kan ṣoṣo, ìyẹn kí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn kùnà lẹ́ẹ̀kan sí i, ló kù kí ife di tiwa. Ọ̀kan péré! David Freese tiwọn gbá bọ́ọ̀lù, Nelson Cruz tiwa ń sá sẹ́yìn, ó nawọ́, bọ́ọ̀lù gba orí ìbọ̀wọ́ ẹ̀ kọjá. Mo ti gbé fóònù sétí, mo ti ń pe àbúrò mi láti sọ fún un pé a ti gbà á. Nígbà tó máa fi gbé e, igbe ló gbọ́. Ní abala kẹwàá, strike kan náà ló tún kù, ó tún bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n fi 10 sí 9 nà wá, wọ́n sì gbé ife lọ ní ọjọ́ kejì. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè jẹun dáadáa.

Àwọn ọdún tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ní 2021, nínú géèmù 162, wọ́n fìdí rẹmi nínú 102. Mo wo èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí.

Ìparí oṣù kọkànlá ọdún yẹn lowó jáde. Corey Seager, mílíọ̀nù 325 dọ́là fún ọdún 10. Marcus Semien, mílíọ̀nù 175 fún ọdún 7. Jon Gray, mílíọ̀nù 56 fún ọdún 4. Ó ju ìdajì bílíọ̀nù lọ.

Ìbínú ló sì bá owó náà wọlé. Nígbà tí wọn ò náwó, bí ẹni ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn la ṣe ń wò wọ́n: wọ́n ṣubú, a ní pẹ̀lẹ́. Ìgbà tí wọ́n náwó tán, òṣómàáló la dà sí wọn lọ́rùn. Semien ò rí home run kankan gbá, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá, ní gbogbo oṣù kẹrin 2022. Ó di ìparí oṣù karùn-ún kó tó gbá àkọ́kọ́. Èmi àti ìyàwó mi wà ní pápá lọ́jọ́ kan láàárín ìgbà náà. Ó tún fi igi na afẹ́fẹ́ lásán. Èmi àgbàlagbà dìde, mo fọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, mo hó lé e lórí títí ọ̀fun mi fi ha. Ìyàwó mi fa ẹ̀wù mi.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbá lésìí, ṣé ẹ hó lé wọn báyìí?”

Mi ò rí èsì fún un. A pàdánù géèmù 94 lọ́dún yẹn, pẹ̀lú gbogbo owó náà.

Bí owó bá sì ń ra ife, Jacob deGrom tó ń ju bọ́ọ̀lù ni ì bá gbé e wá. Mílíọ̀nù 185 ni àdéhùn tiẹ̀, géèmù mẹ́fà péré ló bẹ̀rẹ̀ ní 2023 kí ìgúnpá tó dá a dúró. Adolis García ńkọ́? Ní oṣù kejì 2021, Rangers yọ orúkọ ẹ̀, wọ́n gbé e síta kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹ wá mú un. Ẹyọ ẹnìkan ò wá. Òun náà ló fi home run parí géèmù àkọ́kọ́ World Series 2023 ní abala kọkànlá, lẹ́yìn tí Seager ti fi tiẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀mì ní abala kẹsàn-án.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni owó gan-an ló mú mi kọ̀wé. Ní oṣù kọkànlá 2016, wọ́n ní kí àwa ará Arlington dìbò bóyá kí ìlú dá tó mílíọ̀nù 500 dọ́là sí pápá tuntun tó lórùlé. Èmi dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi dìbò rárá, kò sì tíì dẹ́kun rírán mi létí. Bẹ́ẹ̀ ni ló borí. Ìdajì sẹ́ǹtì lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan tí à ń ná láàárín ìlú ló wọnú iṣẹ́ náà. Mo ra bátìrì ọkọ̀, mo wo rìsíìtì, mo ní ìṣó kan ń bẹ lára òrùlé yẹn tó jẹ́ tèmi. Ọdún márùn-ún gbáko nìyẹn kí Seager tó fọwọ́ síwèé. Kí ẹni tó kọ lẹ́tà wá sọ fún mi, ta ló ra ta?

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fìlà lẹ́yìn ife tí a gbà ní 2023, mi ò bá wọn jà. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ogún bàbá mi. Nígbà tí a tún pàdánù 84 ní 2024, mo ṣì rí fìlà náà lórí àwọn kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2023, ní Phoenix, a ti ń fi 3 sí òdo na Arizona ní abala kẹsàn-án nígbà tó kan Semien. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri. 5 sí òdo. Ife àkọ́kọ́ láti 1972 tí ẹgbẹ́ náà ti dé Texas! Ilé wa dàrú, aládùúgbò ń kan ògiri, àbúrò mi ń ké lórí fóònù. Ìyàwó mi nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́. Ó yíjú sí mi.

“Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́?”

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì,
Arlington, Texas.