Ẹ ti ti tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀sùn mi pa lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò sì tíì tún nǹkan kan ṣe

Sí ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ SDK yín náà ni mo tún bá wá, ìyẹn àkójọ kóòdù yín tí mo fi sínú áàpù mi kó lè máa mọ ibi tí ìka tẹ̀ lójú gíláàsì: bí ìka méjì bá wà níbẹ̀, ó ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Mi ò ní tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ yín, fídíò wà níbẹ̀, log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí áàpù ń ṣe, wà níbẹ̀, kóòdù kékeré tí mo kọ kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí i náà wà níbẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á á tún ní "ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìṣòro yín gan-an?" bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Ẹnu mi ti bó.

Pé SDK yín ní àṣìṣe, ìyẹn nìkan ò lè bí mi nínú tó báyìí. Sọfitiwia lèmi náà ń kọ jẹun, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tí kóòdù ẹ̀ kì í ṣì. Bẹ́ ẹ ṣe ń gbá mi kiri bíi bọ́ọ̀lù ló ń dùn mí.

Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n sọ fáwọn tó ń lo áàpù mi pé kí wọ́n nu ọwọ́ wọn gbẹ. Ẹnì kejì ní àwọn bọ́tìnnì mi ló kéré jù, mo fi hàn án pé dp 48 (dp ni wọ́n fi ń wọn nǹkan lójú fóònù Android) ni gbogbo wọn, bí Google ṣe ní ká ṣe é lórí Android gẹ́lẹ́, kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹnì kẹta ní mílísẹ́kọ́ǹdì 300 táwọn bíráósà fóònù ayé àtijọ́ máa ń fi dúró, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èèyàn fẹ́ tẹ ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ló ń dà mí láàmú. Áàpù mi ò sí nínú bíráósà! Ìlà àkọ́kọ́ nínú ímeèlì mi ni mo kọ ọ́ sí, ó ṣe kedere pé kò kà á rárá.

Ẹ̀jẹ́ńtì yín tó pè mí lórí fóònù ló wá fọ́ gbogbo ẹ̀ lójú. Ó ní àwọn ti fi máòsì dán an wò lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ní ọ̀gá mi, ojú kan ṣoṣo ni máòsì lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìka méjì lórí gíláàsì ni mò ń wí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì gidi wò ó. Ó pòṣé sí mi létí. Ó ní "ṣó dá yín lójú pé ẹ mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí?" ló bá gé fóònù. Kí n tó ṣí ímeèlì mi, tíkẹ́ẹ̀tì ti di títì, wọ́n kọ "a ti yanjú ẹ̀" sí i lára. Èmi tí mo ń sanwó fún yín ni wọ́n ń pòṣé sí o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà ńbẹ̀ fún yín, torí ó jọ pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́ détí yín. Àwọn ọmọdé ló ń fi áàpù mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ọmọdé á gbé ọwọ́ òsì lé ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kí tábúlẹ́ẹ̀tì má baà yẹ̀, á wá máa fi ìka ọ̀tún fa "gb" díẹ̀díẹ̀, á yọ ahọ́n síta, á tẹjú mọ́ ọn. Bó bá ti gbé ọwọ́ òsì kúrò báyìí, ìlà gbọọrọ kan á já wá láti ẹ̀gbẹ́ yẹn, á la àárín lẹ́tà ẹ̀ kọjá. Ìyá kan kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun ń sunkún, pé ọmọ náà rò pé òun lòun bà á jẹ́.

Ohun tó sì fà á ò le. Lórí Android, ìka kọ̀ọ̀kan ló ní ID tiẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀, ID yẹn kì í yí padà títí ìka náà á fi kúrò lójú gíláàsì, àmọ́ nọ́ńbà ipò ẹ̀ lórí ìlà lè yí padà, bí ti iwájú bá lọ, ti ẹ̀yìn á sún síwájú. Nọ́ńbà ipò yẹn ni SDK yín ń tẹ̀ lé dípò ID. Bákan náà, bí system, ìyẹn Android fúnra ẹ̀, bá gba ìka mọ́ áàpù lọ́wọ́, ACTION_CANCEL (pé ó ti fagi lé títẹ̀ yẹn) ló máa ń fi ránṣẹ́, ACTION_UP (pé ìka ti gbéra) ò ní wá, ẹ̀yin ń sọ CANCEL yẹn nù, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì fi ń wà ní títẹ̀ nígbà tí kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Máníjà yín wá ṣèlérí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, pé enjiníà á pè mí láàárín wákàtí 48. Mo sún ìpàdé méjì síwájú nítorí ẹ̀, mo gbé fóònù wọ ilé ìdáná, mo gbé e wọ balùwẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá rèé, kò sẹ́ni tó pè.

Ó tó gẹ́ẹ́. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣí tíkẹ́ẹ̀tì mi padà kí enjiníà tó mọ̀ nípa ìfọwọ́kàn bá mi sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ dá owó ọdún yìí padà fún mi, kí ẹ̀jẹ́ńtì yẹn sì bẹ̀ mí, ní kíkọ sílẹ̀. Bí ò bá rí bẹ́ẹ̀, máa ní kí báǹkì mi gba owó yẹn padà, máa gbé ẹ̀sùn yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbèjà oníbàárà, gbogbo ẹni tá a jọ ń kọ áàpù ló sì máa rí fídíò yẹn àti ohun tí ẹ̀jẹ́ńtì yín sọ sí mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ SDK yín kúrò nínú áàpù mi láti àná.

Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín.

Èmi,
Oníbàárà yín láti ọdún mẹ́ta