Sí ẹ̀yin ọmọ tó ń fọ́wáàdì ohun tí ẹ ò tíì kà tán

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Ìwé ni mò ń tà lẹ́bàá títì, ìwé àlòkù àti pépà ojoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró síwájú ọjà mi mọ ara yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá wí, gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ní fóònù lọ́wọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ọmọ dáadáa ni, past question JAMB ló kọ́kọ́ wá rà lọ́wọ́ mi, nígbà tó yá ló di ẹni tó ń wá ka àkọlé pépà láràárọ̀ tó ń bá àwọn àgbà jiyàn òṣèlú. Wọ́n fi fọ́tò ọkùnrin kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, wọ́n ní gbọ́mọgbọ́mọ ni, kó fi ṣọwọ́ sí gbogbo gúrúùpù tó bá wà. Kò rí ọkùnrin náà rí láyé ẹ̀. Ó fi ṣọwọ́. Kó tó dìrọ̀lẹ́ wọ́n ti rí ọkùnrin yẹn níwájú iléèwé tó ti ń dúró de ọmọ tiẹ̀, wọ́n lù ú, wọ́n lù ú, ojú ẹ̀ kan ò ríran títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọkùnrin yẹn sì wà ní tẹ́ṣàn. Ìyá ẹ̀ wá jókòó tì mí lánàá, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń sunkún ṣáá ni.

Kí ló ń lé yín? Mo bi yín, kí ló ń lé yín gan-an?

Láàárọ̀, tí mo bá ti tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, tí mo nu eruku ara ìwé, tí pépà dé, àwọn èèyàn á ti yí mi ká, wọ́n á ka àkọlé gàdàgbà iwájú, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀, ẹnì kankan ò ní ṣí inú ẹ̀. Àkọlé ní gómìnà fẹ́ ṣe nǹkan, wọ́n ti ń ṣépè fún un pé ó ti ṣe é. Tí mo bá wá ka inú ẹ̀ sókè fún wọn, wọ́n á dákẹ́. Èyí tiẹ̀ sàn, ẹnu lásán ni, ibẹ̀ náà ló ń parí sí. Ti fóònù yìí ló ń já mi láyà, torí ó ń dé ibi tí ojú yín ò tó.

Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò June 12 ní 1993. Nígbà tí ìjọba Abacha ti Punch, Concord àti Guardian pa ní 1994, abẹ́ ìwé ọmọ iléèwé la ń kó ìwé ìròyìn Tell àti Tempo sí, oníbàárà á ṣe bí ẹni fẹ́ ra ìwé ìṣirò, màá ká a mọ́ ọn nínú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sun àtìmọ́lé nítorí ohun tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Àwọn akọ̀ròyìn bíi Kúnlé Àjíbádé àti Chris Anyanwu, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rán wọn lọ ní 1995 nítorí ìròyìn, Abacha kú ní 1998 kí wọ́n tó jáde. Orúkọ wọn wà lórí ohun tí wọ́n gbé jáde, ẹ mọ ẹni tí ẹ lè mú. Ẹni tó kọ gbọ́mọgbọ́mọ sábẹ́ fọ́tò yẹn ńkọ́, kí lorúkọ ẹ̀? Tí kò bá sórúkọ níbẹ̀, tìrẹ lo fi sí i yẹn, ìwọ tó o fi ṣọwọ́.

Àbí ẹ ti gbàgbé omi iyọ̀ ni? August 2014, Ebola ti wọlé ní July, òru ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹ dìde, ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ní kò ní jẹ́ kí Ebola mú yín. Nínú oṣù yẹn náà ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ pé ìròyìn fi hàn pé ó kéré tán èèyàn 2 ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn tó ń pe ara wọn lóru yẹn fẹ́ràn ara wọn o. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹ má sọ fún mi pé "mo kàn fọ́wáàdì ẹ̀ ni." Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ jàre! Ní Aluu, Ìpínlẹ̀ Rivers, October 5, 2012, ariwo "olè" lásán ni wọ́n fi pa akẹ́kọ̀ọ́ 4, ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n. Ní 2017 ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún èèyàn 3. Ta ló kọ́kọ́ pariwo, ta ló kàn gbà á lẹ́nu ẹ̀, ṣé ìyá àwọn ọmọ yẹn ló fẹ́ máa ya ìyẹn sọ́tọ̀?

Òfin náà wà o, Cybercrimes Act 2015, òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Mi ò fẹ́ràn bí àwọn alágbára ṣe ń fi í dẹ́rù ba akọ̀ròyìn, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tó wà nínú ẹ̀ ò mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni ẹ́.

Ọmọ ọmọ mi fi hàn mí pé tí ọfà méjì bá wà lókè ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ẹ máa wò ó. Ẹ wo déètì, fọ́tò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni wọ́n ń gbé kiri nígbà míì. Fọ́tò èèyàn pàápàá, ẹ má fi ṣọwọ́, tẹ́ ẹ bá fura sí i lóòótọ́ ẹ lọ bá ọlọ́pàá. Ẹ sì ka nǹkan tán. Ẹ wá dúró tì mí, ẹ ka pépà lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní lé yín, ṣáà ṣí inú ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọmọkùnrin yẹn, mo gbọ́ pé fọ́tò náà ṣì wà nínú gúrúùpù yín. Ẹ pa á rẹ́ lónìí, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni, kí ẹ fi orúkọ yín sí i, kẹ́ ẹ sì fi ṣọwọ́ síbi gbogbo tí èkínní dé. Ọkùnrin yẹn ṣì wà ní ọsibítù, ọmọ ẹ̀ ò sì tíì padà sí iléèwé torí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é.