Sí Àdùkẹ́, lórí àjákù ìwé tí wọ́n fi lọ̀ ọ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara wa le, a dúpẹ́. Inú mi dùn pé ìwé àfọwọ́kọ àwọn Kristẹni àtijọ́ lo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ oníṣòwò tó ní kí o bá òun ka àjákù pápírọ́ọ̀sì yẹn, ìwé tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi koríko etídò ṣe, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Kí o tó wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, bi í pé níbo ló ti rí i, ọwọ́ ta ló wà tẹ́lẹ̀, ìwé àṣẹ wo ló fi mú un jáde ní Íjíbítì. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, dá nǹkan rẹ̀ padà fún un.

Ní 2012, Karen King, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, gbé àjákù pápírọ́ọ̀sì kan jáde tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, níbi tí Jésù ti ń sọ pé "ìyàwó mi". Ariwo ta káàkiri ayé. Nígbà tó di 2016, akọ̀ròyìn kan tọpasẹ̀ ẹni tó kó o wá, King fúnra rẹ̀ sì gbà pé ó jọ ayédèrú. Pápírọ́ọ̀sì yẹn gbó lóòótọ́ o! Ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ni kò gbó. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àyẹ̀wò ọjọ́ orí nìkan pa ọ́ lẹ́nu mọ́.

Wọ́n á ti máa ròyìn Tischendorf, onímọ̀ Bíbélì ará Jámánì, fún ọ bí akọni. Gbọ́ tẹnu àwọn mọ́ńkì náà pẹ̀lú. Ní 1859, ó gbé Codex Sinaiticus, Bíbélì àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ lédè Gíríìkì, kúrò nílé Catherine Mímọ́, ilé àwọn mọ́ńkì náà lẹ́sẹ̀ Òkè Sínáì, ó sì fọwọ́ sí i pé òun á dá a padà. Rọ́ṣíà ló gbé e lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn tó ni ín fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fi í ta Rọ́ṣíà lọ́rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán títí dòní. Ní 1933, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tà á fún Britain ní £100,000. Nígbà tó o bá lọ wò ó ní British Library, rántí ìyẹn.

Àwọn tí mo fẹ́ kí o fara wé ni Agnes àti Margaret Smith, ìbejì ará Scotland. Yunifásítì Cambridge ò tíì máa fún obìnrin lóyè ẹ̀kọ́ nígbà yẹn. Agnes kọ́ Síríákì, èdè àwọn Kristẹni àtijọ́ kan ní Ìlà Oòrùn, kó tó gbéra, òun àti ìkejì rẹ̀ sì dé ilé àwọn mọ́ńkì yẹn kan náà ní 1892. Ó rí ìwé awọ kan tí ìtàn àwọn obìnrin mímọ́ wà lójú rẹ̀. Lábẹ́ ìtàn yẹn, níbi tí wọ́n ti ha ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sórí awọ náà nù kí wọ́n lè tún un lò, Ìhìnrere mẹ́rin wà níbẹ̀. Oru omi kẹ́tùlù ni wọ́n fi tú àwọn ojú ìwé tó lẹ̀ pọ̀. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Bàbá rẹ ti gbà láti san owó kíláàsì Síríákì tí o ń sọ. Èsì tí o bá kọ sí oníṣòwò yẹn, fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ